Ọjọ́ Tí Mo Pa Orúkọ Akápò Rẹ́

Ìyá mi ló kọ́kọ́ pè mí. Mo wà ní búrò wa ní Bassila, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé omi tíì kaná, mo sì rò pé ìyá mi fẹ́ béèrè bóyá mo ti jẹun ni, torí bó ṣe máa ń ṣe láàárọ̀ nìyẹn. Kò kí mi. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n kọ̀wé sí mi pé mo jẹ gbèsè omi?"

Mo ní rárá. Mo ní bóyá wọ́n ṣì í kà fún un ni. Ó ní aládùúgbò òun ló bá òun kà á, pé aládùúgbò náà gba irú rẹ̀, pé gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ omi láàárọ̀ yẹn ló gba irú rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí àwọn kò bá san án kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọn yóò ti omi. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn obìnrin lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń sọ pé kí ó bi mí léèrè ibi tí owó kajú òun gbà lọ.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù, mo sì pa fóònù. Mo yíjú sí kọ̀ǹpútà, mo ṣí ojú ewé tí orúkọ àwọn ará Manigri wà. Gbogbo rẹ̀ ti di pupa, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, àwọ̀ ewé ni wọ́n. Pupa ni àwọ̀ ẹni tí kò san. Mo pa ojú ewé náà dé, mo tún un ṣí, bóyá oòrùn tó ń gba ojú fèrèsé wọlé ló ń tàn mí jẹ. Pupa náà ni. Mo mọ ohun tí mo ṣe ní ìrọ̀lẹ́ àná, kò sì sí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà.

Ọmọ Manigri ni mí. Bassila ni mo lọ́kọ sí, ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ mi wà. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí ilẹ̀ Niger, kì í pẹ́ nílé tó fi ń padà lọ. Ìwé tí mo kà kò ju èyí tí ènìyàn lè fi ka Faransé kó sì kọ lẹ́tà lọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, odò la ti ń pọn omi ní Manigri. Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń gbẹ́ iyanrìn inú odò náà kí omi tó sun jáde díẹ̀díẹ̀, àwọn àgbà obìnrin á sì jókòó ti ihò wọn bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tuntun. Nígbà tó yá ni àwọn ará ìlú dá ẹgbẹ́ omi sílẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kànga jíjìn, wọ́n fi irin gbé táńkì sókè, ẹ̀rọ tó ń lo oòrùn ń fa omi sínú rẹ̀, páìpù sì gbé e dé agbolé. Bassila ni wọ́n fi búrò sí nítorí iná àti nítorí nẹ́tíwọ̀kì. Ọ̀gá kan, ọmọ Bassila, ló ń darí rẹ̀. Èmi ni akọ̀wé.

Iṣu àti kajú ni àwọn ènìyàn mi ń gbìn. Ìgbà tí wọ́n bá ta kajú ni owó máa ń wà lọ́wọ́ wọn, nítorí náà, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń san owó omi ọdún kan gbáko pọ̀, kí wọ́n tó fi owó náà ṣe nǹkan mìíràn. Kò sẹ́ni tó ń dúró de ìparí oṣù. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, owó ti bá èbù iṣu wọlẹ̀. Ẹni tó bá béèrè owó lọ́wọ́ àgbẹ̀ Manigri ní oṣù òjò, bí ẹni tó ní kó lọ hú iṣu tó gbìn lánàá ni. Oṣù òjò sì ni mẹ́sáàjì yẹn dé bá wọn.

Lójísíẹ̀lì kan ló wà nínú kọ̀ǹpútà wa tó ń ṣírò owó omi. Ọ̀nà kan wà nínú rẹ̀ tí owó ń gbà láti fóònù àwọn ènìyàn wọlé. Ẹnu ọ̀nà owó ni àwa ń pè é. Nígbà tí ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀, kò tíì ní ìwé ìjọba tó lè fi ṣí ẹnu ọ̀nà ní orúkọ ara rẹ̀, akápò wa wá yọ̀ǹda nọ́ńbà tirẹ̀ àti orúkọ tirẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá san owó omi, orúkọ akápò ló ń jáde lójú fóònù rẹ̀. Lóṣooṣù pẹ̀lú, ẹ̀rọ náà máa ń kọ̀wé sí gbogbo ilé pé a ti yọ owó omi oṣù yìí nínú èyí tí ẹ san sílẹ̀, lágbájá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ìwé ẹgbẹ́ jáde, a ṣí ẹnu ọ̀nà kejì ní orúkọ ẹgbẹ́. A kò ti èkíní. Àwọn ènìyàn ti mọ nọ́ńbà akápò sórí, òun ni wọ́n ṣì ń sanwó sí.

Akápò yìí ló wá bá bàbá mi nígbà ayé bàbá mi, tó ní ẹgbẹ́ ń wá ẹni tó lè kọ Faransé, tó sì lè kí àwọn àgbà bó ti yẹ kí wọ́n kí wọn. Ó ní ọmọ yín obìnrin ni kí ẹ fún wa. Àwọn kan ní obìnrin kò ní lè bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ owó. Ó ní ìyàwó ta ló ń ka owó kajú nínú ilé wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo sì gba iṣẹ́.

Ó kú ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, lẹ́yìn àìsàn tí kò pẹ́. A sin ín lọ́jọ́ náà. Nínú ìdílé wọn, bí ẹnìkan bá kú, wọn a ti yàrá rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ a wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohun kan tó jẹ́ tirẹ̀ títí di àdúrà ogójì ọjọ́. Ọjọ́ yẹn ni àwọn àgbà ń ṣí yàrá lójú gbogbo ènìyàn. Ṣáájú rẹ̀, fìlà tó bá bọ́ sílẹ̀ pàápàá, ibẹ̀ ni yóò wà. Mo mọ èyí. Gbogbo ọmọ Manigri ló mọ̀ ọ́n.

Oṣù parí, ẹ̀rọ sì kọ̀wé sí gbogbo ilé bó ti máa ń ṣe. Olóògbé dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní ọjà Bassila, ọkùnrin kan láti Manigri kọ́kọ́ fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ sí mi. Ó ní, "Táńtì, ṣé omi wọ́n lọ́run ni, tí akápò fi ṣì ń gba owó omi?" Àwọn tó dúró níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó pè mí lọ́jọ́ yẹn àti lọ́jọ́ kejì kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní òun ti fi odó bo fóònù mọ́lẹ̀. Ọ̀kan ní òun ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ nígbà tí orúkọ òkú wọlé bá òun. Wọ́n ní kí n bá wọn yọ ọ́. Mo ń ronú nípa opó rẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ó wà nínú ilé, ó ń ṣe opó lọ́wọ́, fóònù tirẹ̀ náà yóò sì ti dún pé ọkọ rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ìkà ni kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ara mi nìyẹn. Èyí tí n kò sọ ni pé èmi náà gba mẹ́sáàjì náà lórí fóònù mi, mo sì pa á rẹ́ kíákíá. Ẹ̀rù wà nínú àánú mi. Ó pẹ́ kí n tó gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá mi wà ní Parakou fún ìpàdé. Ó ti sọ fún mi tipẹ́ pé kí n má dá nìkan wọ ojú ewé tí wọ́n ti ń ṣètò ẹ̀rọ náà. Mo wọ ibẹ̀. Mo rí ẹnu ọ̀nà méjèèjì, ti ẹgbẹ́ lókè, ti akápò nísàlẹ̀, àmì pípa-rẹ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kọ ọ́ ní Faransé pé gbogbo ohun tó so mọ́ ẹnu ọ̀nà yìí yóò bá a lọ, ṣé ó dá mi lójú? Mo kà á dáadáa. Mo rò pé orúkọ akápò ni ohun tó so mọ́ ọn. N kò rò pé owó tí gbogbo ìlú ti san láti ìgbà kajú ni ẹ̀rọ ń sọ. Mo dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo tilẹ̀ ṣe àdúrà kékeré kan fún olóògbé, mo ti ilẹ̀kùn búrò, mo lọ sílé.

Lẹ́yìn ìpè ìyá mi, fóònù kò sinmi mọ́. Mo gbìyànjú láti dá ẹnu ọ̀nà náà padà. Mo tẹ nọ́ńbà akápò sínú rẹ̀, ẹ̀rọ sì ní ó dára, pé òun ti fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sí fóònù náà, kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí ọ̀hún kí òun lè mọ̀ pé oní-fóònù gbà. Mo dúró, mo ń wò ó. Fóònù náà wà ní Manigri, nínú yàrá tí wọ́n tì pa, àdúrà ogójì ọjọ́ kò sì tíì tó.

Mo pe ọ̀gá mi, mo sọ ohun gbogbo fún un. Ó wá ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Ó ní òun yóò pe ọkùnrin tó ń ti omi, kò ní ti omi ẹnikẹ́ni. Nígbà tó tún pè mí, ó ní àwọn tó ṣe lójísíẹ̀lì náà sọ fún òun pé bí nọ́ńbà náà bá padà wọlé, yóò mú gbogbo àkọsílẹ̀ owó tó ti gba ibẹ̀ kọjá padà wá, bí kò bá sì padà, kò sí ohun tí àwọn lè ṣe. Ó ní kí n má lọ sí Manigri títí òun yóò fi dé.

Mo lọ. Mo rò pé bí wọ́n bá rí ojú mi, wọn yóò rántí ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Mo gun zẹ́mìjàn, ọ̀kadà akérò, lọ́sàn-án. Nígbà tí a dé ibi ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn ènìyàn pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì mọ̀ mí lókèèrè. Wọ́n dúró sí iwájú ọ̀kadà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan na ọwọ́, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà náà. Ẹnìkan tó ń ti oko bọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tòun ti àdá lọ́wọ́. Lónìí, mo mọ̀ pé oko ló ti ń bọ̀, kò ní ibi mìíràn tí ì bá gbé e sí. Lọ́jọ́ yẹn, àdá nìkan ni mo rí.

Wọ́n ní kí n sọ ibi tí owó wọn wà. Mo ní, "Èmi kọ́ o. Ẹ̀rọ ló ṣe é."

Obìnrin kan tí a jọ ṣeré lọ́mọdé gbé kòrọ́bà rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rọ? Ṣé ẹ̀rọ ní ìka ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì bà mí lẹ́rù ju ariwo lọ. Mo tún un sọ pé èmi kọ́. Ẹnìkan fa ìborùn mi, ó bọ́ sínú ẹrẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Onízẹ́mìjàn ń bẹ̀ wọ́n pé èrò lòun gbé, òun kò mọ ìdí ọ̀rọ̀. Nígbà náà ni ìyá mi dé. N kò mọ ẹni tó lọ pè é. Ó ti dàgbà, ó sì ń fi ẹsẹ̀ kan tiro. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó di ọwọ́ mi mú lọ́rùn ọwọ́, bí ẹni ń mú ọmọ tó ṣubú sí ẹ̀gbin, ó sì fà mí la àárín wọn kọjá. Wọ́n yà fún un. Mo ti bímọ, mo ti wo ọmọ dàgbà, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo sì farapamọ́ sí lọ dé ilé lójú gbogbo ìlú.

Àbúrò akápò wá bá wa ní agbolé ìyá mi kí oòrùn tó wọ̀. Mo kúnlẹ̀. N kò pa irọ́ mọ́. Mo ṣàlàyé ohun tí mo ṣe, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣí yàrá, kí ó bá mi wo nọ́ńbà tó wà lójú fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí. Ó béèrè ìdí tí mo fi pa ẹnu ọ̀nà náà rẹ́. Mo ní orúkọ olóògbé ló ń jáde lójú fóònù, ẹ̀rù sì ń ba àwọn ènìyàn.

Ó ní, "Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ̀ ń sá fún?"

Ìyá mi ní ọmọdé ni mí, kí ó fojú fò ó. Àbúrò akápò ní èmi kì í ṣe ọmọdé. Ó ní ẹni tó mú mi dé ìdí iṣẹ́ ni mo fi ìka kan nù kúrò, ilẹ̀ tí wọ́n sin ín sí kò tíì gbẹ, mo sì tún fẹ́ kí òun ṣí yàrá rẹ̀ kí àwọn àgbà tó ṣí i. Ó ní òun kò ní ṣí i. Ó tún ní àwọn kan ti sọ fún òun pé ẹni tó bá fẹ́ jí owó òkú, ipa ọ̀nà ló máa kọ́kọ́ pa rẹ́. Òun kò sọ pé olè ni mí, àwọn aláṣẹ ni yóò bi mí. Ó dìde, ó kí ìyá mi, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè mí sí kọmisáríà, àgọ́ ọlọ́pàá, ní Bassila. Ìdílé olóògbé ti fi mí sùn. Ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ kò jágbe mọ́ mi, kò sì lù mí. Ó gba káàdì ìdánimọ̀ mi, ó ní kí n máa wá fi ara hàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n má sì kúrò ní Bassila láìjẹ́ pé òun gbọ́. Ó ní bí owó náà kò bá jáde, ọ̀rọ̀ yóò kọjá ọwọ́ òun lọ sí kóòtù. Mo béèrè bóyá ẹ̀wọ̀n wà nínú rẹ̀. Ó ní òun kì í ṣe adájọ́.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni ojú ń tì mí jù láti sọ, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú wọn. Mo kàn ń sá ni. Ọ̀kadà kan kò lè dẹwọ́ eré níwájú ilé mi kí n má dìde kúrò lójú fèrèsé. Mo fi ọ̀nà ẹ̀yìn ilé lọ sí búrò. Lọ́jọ́ ọjà, mo rí obìnrin kan láti Manigri tó gbé iṣu sílẹ̀, mo sì sá sẹ́yìn aṣọ tí wọ́n so kọ́ níbi ìtajà kan. Aláṣọ bi mí pé èwo ni mo fẹ́ rà nínú wọn. Mo ra èyí tí n kò nílò. Ọkọ mi pè láti ọ̀nà Niger, ó ní kí n wá bá òun, mo ní káàdì mi kò sí lọ́wọ́ mi. Mo ń sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé àlàáfíà ni mo wà, òun náà ń sọ fún mi pé àlàáfíà lòun wà. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé láti ọjọ́ tó ti fà mí kọjá láàárín wọn, kò lọ síbi ẹ̀rọ omi mọ́. Odò àtijọ́ ló ti ń pọn omi, tòun ti ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀rọ̀ mi bú u. Èmi sì wà ní Bassila, mò ń ra aṣọ.

Àdúrà ogójì ọjọ́ pé. N kò lọ, n kò lè lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, àbúrò akápò wá sí búrò fúnra rẹ̀, ó fi aṣọ funfun wé fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀gá mi fún un ní àga, ó jókòó. Mo kí i, ó dáhùn, kò wò mí. Kò gbé fóònù náà fún mi. Ó ní òun yóò máa ka nọ́ńbà, kí èmi máa tẹ̀ ẹ́.

Mo tẹ nọ́ńbà akápò sínú ẹ̀rọ. Fóònù dún nínú aṣọ funfun. Àbúrò akápò wá ìgò ojú rẹ̀ títí, ó sì rọra ń kà á, nígbà tí a fi máa dé ìdajì, ẹ̀rọ ní àkókò ti kọjá. Ó wo ọ̀gá mi bí ẹni pé àrékérekè ni. Ọ̀gá mi sọ fún un pé bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kí a tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ti wọ ìgò ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ó kà á, mo tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá mi sì dúró lẹ́yìn mi láti wò ó bóyá mo ṣì í. Ẹ̀rọ gbà á. Ó ń yí fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni orúkọ tó wà lókè pátápátá kúrò nínú pupa, èkejì tẹ̀ lé e, wọ́n ń yí padà bọ̀ wálẹ̀ bí ìgbà tí òjò bá ń rìn bọ̀ lórí oko. Nígbà tí àbúrò akápò ṣí àpò owó tó wà nínú fóònù náà, ohun gbogbo pé síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Ọ̀gá mi ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo bú sẹ́kún. Àbúrò akápò ń wé fóònù náà padà. Ó ní, "Owó ti dé. Orúkọ ńkọ́?"

Mo ní orúkọ ti padà pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà. Ó ní ìyẹn kọ́ lòun ń bi mí. Ó ní òun kò ní lọ yọ ẹ̀sùn òun títí n óò fi wá sí ilé wọn, kí n fi ẹnu ara mi sọ fún ìyàwó olóògbé ohun tí mo ṣe àti ìdí tí mo fi ṣe é.

Ọlọ́pàá gbà kí n lọ kí n sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀gá mi fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi dé agbolé ìyá mi, láti ibẹ̀ ni èmi àti ọ̀gá mi ti jọ lọ sí ilé olóògbé. Opó náà jókòó lórí ẹní. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ pé nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe ṣe é jù lọ, kí orúkọ ọkọ rẹ̀ má baà tún dé bá a lójijì. Mo rò pé ibẹ̀ yẹn ni yóò ti dárí jì mí.

Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ó ní, "Èmi ò ní kí o yọ ọ́. Mo ń retí rẹ̀ ni. Nígbà tí fóònù dún lóṣù náà, mo ní kí wọ́n kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá ń ka ọjọ́ de èkejì. Èyí tó dé ni pé mo jẹ gbèsè."

Mo gbé orí sílẹ̀. Gbogbo obìnrin tó pè mí ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Òun nìkan ni n kò bi léèrè, mo sì fi orúkọ rẹ̀ ṣe ìdí. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde. Mo ní kí ó sọ ohun tó fẹ́ kí n ṣe. Ó ní kí orúkọ náà wà níbẹ̀ títí owó omi ọdún yìí yóò fi tán, kí àwọn tó ń bẹ̀rù máa ṣe àdúrà fún un bí ó bá ti dé. Lẹ́yìn ìyẹn, kí a máa lo ti ẹgbẹ́. Ọ̀gá mi, tí kò gbọ́ èdè wa tán, béèrè ohun tó sọ. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, mo sì túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni yóò rí.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àbúrò akápò wá sí Bassila. A bá ara wa ní kọmisáríà. Ó sọ fún ọlọ́pàá pé òun yọ ẹ̀sùn òun, owó pé, ìdílé kò ní ohun kan sí mi mọ́. Ọlọ́pàá ní kí àwa méjèèjì fọwọ́ sí ìwé. Ó fọwọ́ sí tirẹ̀. Nígbà tí mo fọwọ́ sí tèmi, ọlọ́pàá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ káàdì mi, ó ní kò jọ ọ́, kí n tún un ṣe. Èkejì kò jọ ọ́ bákan náà.

Àbúrò akápò ní, "Ọwọ́ rẹ̀ ni. Ẹ̀rù ló ń bà á."

Ọlọ́pàá dá káàdì mi padà fún mi. A jáde. Ọ̀kadà rẹ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́nu ọ̀nà kọmisáríà, àwọn ènìyàn sì jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń dúró kí ó kàn wọ́n. Ó ní òun ti bá àwọn ọ̀dọ́ Manigri sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn mí mọ́, mo lè wá wo ìyá mi nígbàkigbà tó bá wù mí. Mo fẹ́ dúpẹ́. Mo kàn rí i pé mo ti kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, káàdì náà sì wà lọ́wọ́ mi.

Ó gun ọ̀kadà rẹ̀. Ó ní, "Dìde. Àwọn ènìyàn ń wò wá."

Mo dìde.